Ìkòkò ọbẹ̀ yín kọ́ ló pa ọkọ yín

Ìbéèrè: “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ṣaláìsí ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹni ọdún 58 ni. Jórinjórin ni ní Dei-Dei. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọ́lsà ni, nígbà tó yá wọ́n ní ó ní ṣúgà, kí ojú rẹ̀ tó wá pọ́n bí ìyeyè. Ìgbà tí wọ́n fi máa sọ pé jẹjẹrẹ pancreas ni, ó ti rù kan egungun. Ó mu sìgá tó ọdún 30, ṣùgbọ́n ó ti pa á tì láti ọdún mẹ́ta. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní mágì àti kán-ún tí mo fi ń se ọbẹ̀, àti ìkòkò alumíníọ̀mù mi, ló fà á. Aládùúgbò wa ní òògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí ẹ̀wà ni. Àbúrò ọkọ mi ní wọ́n fi ṣe é ni. Mo ti kó gbogbo ìkòkò mi dà nù. Kí ló fà á gan-an? Ṣé àwọn ọmọ mi mẹ́ta kò ní ní in báyìí?” Ìyá kan ló kọ ọ́ láti Kubwa, Abuja.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ọlọ́run yóò bá yín wo àwọn ọmọ. N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ kí n tó dáhùn èyí tó ń dùn yín jù: nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, n kò rí ohun kan tó fi hàn pé ọwọ́ yín wà nínú ikú ọkọ yín. Ìbéèrè méjì ni ẹ lọ́ pọ̀. Àkọ́kọ́, kí ló ń fa irú jẹjẹrẹ yìí lára ọmọ ènìyàn? Èyí ní ìdáhùn, bí ìdáhùn náà kò tilẹ̀ pé. Èkejì, kí ló fà á lára ọkọ yín? Kò sí dókítà tó lè nàka sí ìyẹn ní pàtó, èmi náà kò sì ní díbọ́n. Ṣùgbọ́n mo lè sọ fún yín ohun tó wúwo nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó fúyẹ́, àti ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Ibi tí nǹkan yìí sá pamọ́ sí ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn àpòlúkù ni pancreas wà, ó fẹ̀yìn ti egungun ẹ̀yìn, gígùn rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Òun ló ń ṣe omi tí ń lọ oúnjẹ nínú ìfun, òun náà ló ń ṣe ínsúlínì tí ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà tí òróòro ń gbà láti ẹ̀dọ̀ wá sí ìfun sì gba orí rẹ̀ kọjá. Nítorí pé ẹ̀yìn ló wà, bí kókó bá yọ lára rẹ̀, ọwọ́ kì í sábà bà á bí a bá ń tẹ ikùn aláìsàn. Ìrora á mú un lókè ikùn, á gba ẹ̀yìn yọ, á máa le sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Ta ni kò ní pe ìyẹn ní ọ́lsà? Èmi náà ti pè é bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó sì dùn mí títí di òní. Nígbà tí kókó náà bá wá fún ọ̀nà òróòro pa, òróòro á padà sínú ẹ̀jẹ̀: ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ìgbẹ́ á funfun bí ẹfun, gbogbo ara á máa yún. Àwọn èèyàn wa á ní ibà pọ́njú ni, agbo á bẹ̀rẹ̀, oṣù méjì á lọ. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé pípẹ́ tó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kì í ṣe àìbìkítà yín. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wọn, nínú 100 ènìyàn tí wọ́n bá rí i lára wọn, bíi 13 péré ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ẹ wá jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára máa ń jẹ́ kí ewu jẹjẹrẹ yìí ga díẹ̀, ó lè sún mọ́ ìlọ́po méjì. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ti ọkọ yín kò jọ èyí tó pẹ́. Bí ẹni tó ti lé ní ọdún 50 bá ṣàdédé ní ṣúgà, tí kò sanra, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń rù, ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì ba iṣẹ́ ínsúlínì jẹ́. Ṣúgà wá dà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Òun kọ́ ló ni iṣẹ́ tó jẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn yín, èyí ni mo fura sí. Kí ẹnikẹ́ni tó ń kà á má sì tìtorí èyí kó ìpayà bá ara rẹ̀ o: nínú 100 ènìyàn tó ti lé ní 50 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ṣúgà lára wọn, bí ẹyọ ẹnì kan ni wọ́n máa rí jẹjẹrẹ yìí lára rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Àwọn 99 tó kù, ṣúgà lásán ni. Ìwọ̀n ara tó ń já wálẹ̀ láìnídìí ni kí dókítà fi ya ẹni kan yẹn sọ́tọ̀. Ṣúgà tó ń bù sí tíì láàárọ̀ kò sì jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Nǹkan mìíràn wà tí n kò tíì rí ẹbí kan tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún dáadáa: àkókò. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ka àwọn àyípadà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí bí ẹni ń ka ìlà inú igi, wọ́n sì ṣírò pé láti ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ bá ti bàjẹ́ títí tó fi máa di jẹjẹrẹ gan-an, ó lé ní ọdún 10. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún gba ọdún mélòó kan kó tó tàn ká ara. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó pa ọkọ yín ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò tíì pé 45, tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é, tó ń gbé irin tó ń sọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè pé kí ló jẹ lọ́dún tó kọjá, tàbí ilé ta ni wọ́n ti gbé oúnjẹ fún un nígbà ìsìnkú ìjọsí, ibi tí kò sọ nǹkan nù sí ló ń wá a sí.

Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn pé kí n dárúkọ ohun kan ṣoṣo, sìgá ni n óò dárúkọ. Amusìgá ní ewu jẹjẹrẹ yìí tó bí ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò mu ún rí, wọ́n sì gbà pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo jẹjẹrẹ pancreas ni sìgá ń fà. Àwọn èèyàn máa ń ní ẹ̀dọ̀fóró ló ń gba èéfín, báwo ló ṣe kan ikùn? Èéfín ló wọ ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n májèlé inú rẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ibi gbogbo. Ọdún 30 kì í ṣe kékeré. Pé ó pa á tì, ó ṣe dáadáa gan-an ni, ṣùgbọ́n ewu náà kì í lọ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọlẹ̀, ó sì máa ń gba ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹni tó fi í sílẹ̀ tó sún mọ́ ẹni tí kò mu ún rí. Ọdún mẹ́ta kò tíì tó. Ẹ rántí Jimmy Carter tó jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà. Jẹjẹrẹ pancreas ló pa bàbá rẹ̀, òun náà ló pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjèèjì. Amusìgá ni wọ́n. Carter kò mu sìgá, ó sì gbé ayé títí ó fi pé ọdún 100 kó tó kú ní òpin ọdún 2024. Ìtàn ẹbí kan kì í ṣe ẹ̀rí fún gbogbo ayé, àbùdá tí wọ́n jogún náà lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn mi nítorí ó máa ń yé wọn ju nọ́ńbà lọ. Kí n tó kúrò níbẹ̀: áṣáà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí pẹ̀lú, torí tábà tí a kò dáná sí náà ń fa jẹjẹrẹ pancreas. Shisha tí àwọn ọmọ wa ń fà ní Wuse 2 lálẹ́, tí wọ́n ń ní omi ti sẹ́ ẹ, tábà ni. Omi kì í sẹ́ májèlé.

Ẹ kò sọ bóyá ó ń mu ọtí. Ọtí àmupara, ìbáà ṣe ògógóró, bùrùkùtù tàbí èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní gáréèjì, máa ń jẹ́ kí pancreas wú, kó sì máa ṣe ọgbẹ́ lórí ọgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú pancreas bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ máa ń tètè mú. Nílẹ̀ wa, irú wíwú yìí tún wà lára àwọn tí ọtí kò kàn. Ní ọdún 1969, àwọn dókítà ní Ìbàdàn kọ ìròyìn nípa aláìsàn 45 tí pancreas wọn ti le gbagidi bí òkúta. Nígbà kan, ẹ̀gẹ́ ni àwọn onímọ̀ kan fura sí, nítorí oró inú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí i fìdí múlẹ̀. Ẹ máa mu gààrí yín.

Sísanra jù náà wà níbẹ̀, pàápàá ikùn tó yọ síwájú. Ó ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kún ewu ẹni. Ní Abuja yìí, tí èèyàn ń jókòó nínú mọ́tò láti Kubwa dé Garki, tó tún jókòó sí ọ́fíìsì títí ilẹ̀ fi ṣú, tó wá fi iyán sùn, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n jórinjórin kì í sábà jókòó, n kò rò pé èyí kan ọkọ yín.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kò béèrè èyí, àmọ́ èmi ni n óò béèrè rẹ̀ bí mo bá jókòó tì yín. Láti ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tó ń rí sí jẹjẹrẹ, ti ka èéfín ìjórin mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ti ẹ̀dọ̀fóró ni o, kì í ṣe ti pancreas. Ohun tí wọ́n fura sí fún pancreas ni àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ gírísì kúrò lára irin àti èyí tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ aṣọ láìlo omi, bí èèyàn bá ń fà á símú púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó ti sìgá. N kò lè dá a láre, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo ti dé àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn, mo rí bí àwọn ọmọṣẹ́ ṣe ń fi bẹntiróòlù àti tínà fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó jẹun, tí wọ́n ń kun ọ̀dà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Bí àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ yín bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa ṣe é níta gbangba, kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n sì bo imú pẹ̀lú ohun gidi, kì í ṣe àkísà aṣọ. Bí kò bá tilẹ̀ gba pancreas wọn là, á gba ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà tí aládùúgbò yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá, ṣùgbọ́n kò bọ́ síbi tó fẹ́ kó bọ́ sí. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń da dichlorvos, ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ òtapíàpíà, sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Tìtorí rẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ṣe fòfin de ẹ̀wà Nàìjíríà ní ọdún 2015. Òótọ́ sì ni pé láti 1991 ni wọ́n ti kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n “ó ṣeé ṣe” kò tíì di “ó ń fà á”, kò sì sí ẹ̀rí tó so ó mọ́ pancreas ní ṣinṣin. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé oró ni fún ọpọlọ àti iṣan, ó sì ti pa àwọn tó jẹ ẹ̀wà tí wọ́n dà á sí láìpẹ́. Nítorí ìyẹn, bí ẹ̀wà bá ń rùn bí òtapíàpíà, ẹ má rà á, kí ẹ sì má bẹ̀rù ẹ̀wà tó kù. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì kún un, torí wọ́n máa ń bi mí léèrè wọn níhìn-ín: ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bu, tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe kúlíkúlí, ẹ̀dọ̀ ni oró inú rẹ̀ ń fún ní jẹjẹrẹ. Òjé tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù, ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ wọn ló bà jẹ́. Oró kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń lọ.

Ti mágì, kán-ún àti ìkòkò alumíníọ̀mù kò ní pẹ́: kò sí ẹ̀rí kankan pé ọ̀kan nínú wọn ń fa jẹjẹrẹ pancreas. Mágì ní iyọ̀ púpọ̀, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kó ṣọ́ ọ. Súyà àti kílíṣí ni mo lè dá dúró díẹ̀ lé lórí. Ẹran pupa tí èèyàn ń jẹ lọ́pọ̀lọpọ̀ lójoojúmọ́, pàápàá tí iná ti jó dúdú, ìwádìí kan ní ó ń dá kún un, òmíràn ní rárá. Súyà mállàm lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò dẹ́rù bà mí. Mo ń jẹ ẹ́. Ẹ má sì yára gba ìwádìí ẹyọ kan gbọ́. Ní 1981, àwọn onímọ̀ Harvard kéde pé ó jọ pé kọfí ń fa jẹjẹrẹ pancreas, ayé gbọ̀n jìgìjìgì, àwọn èèyàn da kọfí nù bí ẹ ṣe da ìkòkò yín nù. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2016, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sọ pé kò jọ pé kọfí ń fà á.

Sí àbúrò ọkọ yín tó ní wọ́n fi ṣe é, n kò ní bá a jà. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bínú sí. Kí ẹ kàn bi í léèrè pé ọ̀tá wo ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọdún 10 sẹ́yìn, tó wá ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2022, ó lé ní 500,000 ènìyàn lágbàáyé tí wọ́n rí àrùn yìí lára wọn, ó sì lé ní 460,000 tó pa. Ọ̀tá wọn á pọ̀ o.

Ó ku àwọn ọmọ. Nínú mẹ́wàá tó ní àrùn yìí, nǹkan bí ẹnì kan ni tiẹ̀ ń jẹ́ ti àbùdá ìdílé. Ẹni tí òbí rẹ̀ ní in, ewu tirẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Ìlọ́po méjì ohun tó kéré ṣì kéré, pàápàá lọ́jọ́ orí tiwọn, torí àrùn àgbàlagbà ni. Bí ẹ bá wá wádìí nínú ẹbí ọkọ yín tí ẹ gbọ́ pé ẹlòmíràn tún ní in, tàbí pé jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin mú àwọn obìnrin ibẹ̀ ní kékeré, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn; ẹ kó wọn lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá, irú Gwagwalada tàbí National Hospital, kí wọ́n sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò àbùdá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta àyẹ̀wò CA 19-9, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ yìí máa ń mú ga, fún yín lọ́dọọdún. Kì í ṣe fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe: ó máa ń ga nítorí nǹkan mìíràn, bí ọ̀nà òróòro tó dí, àwọn kan sì wà tí ara wọn kì í ṣe é rárá, bí jẹjẹrẹ bá tilẹ̀ wà lára wọn. Owó yẹn ẹ fi san owó ilé ìwé. Kí wọ́n má mu sìgá, kí wọ́n má fà shisha, kí ikùn wọn má yọ jù. Ìyẹn ni agbára wa mọ.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá gé ẹran díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò, ìwé kan wà tí wọ́n kọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ sí. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀: èyí tí wọ́n ń pè ní adenocarcinoma, tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi òkè yìí dá lé, àti neuroendocrine, irú èyí tó pa Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Apple sílẹ̀, ní 2011, tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn náà, ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé yẹn, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ mẹ́ta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ nínú fáìlì tí ìwé ìbí rẹ̀ wà.